Láàrin Mẹ́ta àti Mẹ́tàlá

"Márùn-ún ni Misturat kọ, mẹ́ta ni ìdáhùn. Kí ló tún kù?" Hedimásítà Dáníẹ́lì ti fọ́ọ̀mù ìdíje síwájú Mọ́ládé, olùkọ́ ìṣirò. "Ẹ fọwọ́ sí i, Àǹtí. Mọ́tò Ìsẹ́yìn ò ní dúró dè wá."

Àyè orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí fọ́ọ̀mù náà, Treasure ni wọ́n sì ti kọ síbẹ̀. Òun ni yóò lọ díje nínú ìṣirò ní Ìsẹ́yìn, lórúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ìwéré-Ilé. Ẹni tó bá yege lọ́hùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ girama kan yóò gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì fún un ní ibùgbé. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi yan ẹni tó máa lọ, Treasure gba ogún nínú ogún, Misturat gba mọ́kàndínlógún. Ìbéèrè kan ló yà wọ́n, Mọ́ládé fúnra rẹ̀ ló sì gbé e kalẹ̀: práìmù mélòó ló wà láàrin 3 àti 13?

Láti àárọ̀ ni ìbéèrè yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí nǹkan kan ò lè pín dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bí a bá yọ 3 àti 13 sílẹ̀, mẹ́ta ló kù: 5, 7 àti 11. Bí a bá kà wọ́n mọ́ ọn, ó di márùn-ún. Èwo lòun fẹ́ gan-an? Òun ò sọ. Ó kọ ìbéèrè náà bí ẹni tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu tó wá ń bínú sí ẹni tó wọlé.

"Sà, ìbéèrè yẹn ò yéni tó. Èmi ni mo sì ṣe é."

"Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ohun tó wà láàrin kì í ṣe ohun tó wà létí."

"Gbogbo ayé kọ́ o, ọ̀gá."

Àwáwù, ìyá Misturat, ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Ibi tó ti ń yan gààrí ló ti sáré wá, ara ìró rẹ̀ ṣì funfun. "Ẹ má bínú sí mi. Èmi ò kàwé, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọmọ mi ní kíkà. Ọrọọrún la ń ná ọjà wa. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, òní ni ọjọ́ kìíní, ọ̀la ni ìkejì. Tó bá di ìkarùn-ún, a tún pàtẹ. Ẹni tó bá yọ òní sílẹ̀, ọjọ́ kejì ọjà ló máa gbẹ́rù dé. Ewúrẹ́ ló máa bá níbẹ̀."

"Ìyá Misturat, ìṣirò là ń ṣe níbí, a ò ná ọjà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọjà ni kì í ṣe ìṣirò."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mọ́ládé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà á ò jẹ́ kó jáde. Ẹgbẹ́ òbí ló gbà á síṣẹ́, kì í ṣe ìjọba. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu Dáníẹ́lì sí wọn, ó ti dẹni tó ń wáṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká pe àwọn ọmọ náà, sà. Kí wọ́n ka nọ́ńbà wọn lójú yín."

"Ìdáhùn ni ìdáhùn ń jẹ́."

"Bí wọn ò bá dé, mi ò ní fọwọ́ sí i." Ohùn ara rẹ̀ yà á lẹ́nu.

Dáníẹ́lì wo aago, ó pòṣé. "Ẹ pè wọ́n."

Misturat kọ́kọ́ dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. "3, 5, 7, 11, 13, sà."

"Ẹ gbọ́ bí? Etí méjèèjì ló kó wọlé!" Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Treasure. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ dáadáa?"

"5, 7, 9, sà."

Ẹ̀rín músẹ́ náà parẹ́. "Tún un sọ."

"5, 7, 9."

"Mẹ́sàn-án kẹ̀? Ṣé mẹ́ta ò pín mẹ́sàn-án ni?"

Treasure yíjú sí Mọ́ládé. "Àǹtí, ẹ ò fagi lé e rí. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń fún mi ní máàkì."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ́ládé ju gbogbo ohun tí hedimásítà ti sọ lọ. Òótọ́ ni. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ní ní kíláàsì, ìlà tó kẹ́yìn nìkan ló sì máa ń wò: ó bá ìdáhùn mu, ó fún un ní máàkì, ó ṣí ìwé mìíràn.

Àwáwù ò pàtẹ́wọ́. Ó wo ọmọkùnrin náà títí. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ló ní.

Práìmù ni gbogbo nọ́ńbà márùn-ún tí Misturat kà. Dáníẹ́lì fagi lé orúkọ Treasure, ó kọ ti Misturat sókè rẹ̀, ó sì na bíírò sí Mọ́ládé láì wojú rẹ̀. Mọ́ládé fọwọ́ sí i. Ìyá àtọmọ gba fọ́ọ̀mù, wọ́n sáré gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ. Ìdùnnú tí Mọ́ládé ti ń retí láti àárọ̀ ò wá.

Treasure ṣì dúró síbẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Iṣẹ́ tèmi ló bàjẹ́, kì í ṣe ọpọlọ tìẹ," Mọ́ládé sọ fún un. "Lọ kó ìwé ìṣirò gbogbo kíláàsì wá."

Nígbà tó kó wọn dé, Mọ́ládé fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀ fún un. Ó mú ìwé Treasure, ó ṣí i padà sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ọmọ náà kọ sókè ìdáhùn.