Fèrèsé Ilé Iṣẹ́ Ìṣó

Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo mọ̀ jù lọ nínú gbogbo ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìṣó, ìgbàkígbà tó bá sì fẹ́ to ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó ń gé wáyà, ṣe ló máa ń kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, títí kan èmi ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀bẹ náà bá fi díẹ̀ yẹ̀, ìṣó tí kò lórí ni ẹ̀rọ yóò máa pọ̀ jáde. Ta ló fẹ́ ra ìyẹn? Abẹ́rẹ́ tí kò ṣeé ránṣọ ni.

Kì í ṣe òun ló dá ìwà náà sílẹ̀. Àwọn àjèjì tó kọ́ ilé iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn bàbá wa ní ẹrù rírù, ilẹ̀ gbígbá àti bí wọ́n ṣe ń da epo sẹ́rọ. Wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀bẹ títò. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, kò sì sọ ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Òun-Nìkan la máa ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Ẹ̀gbà wá mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́. Mánéjà pe àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n jọ. Ó ní àjèjì kan ń bọ̀ wá to ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹnì kan nínú wa yáa mọ̀ ọ́n kó tó lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ bá tún yẹ̀, kí kálukú máa lọ sílé.

Mo sáré lọ bá bàbá mi lórí ibùsùn. "Bàbá, ẹ kọ́ mi."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ó ní. "Èmi náà, ta ló kọ́ mi?"

Inú bí mi. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wo ẹ̀yìn yín. Ẹ̀yìn yín ò kọ́ mi ní nǹkan kan."

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí, ó sì gbìyànjú lóòótọ́. Ó ní kí n di ṣíbí mú bí ẹni pé ọ̀bẹ ẹ̀rọ ni. "Yí i síbí... rárá, díẹ̀ ni... má yí i tó bẹ́ẹ̀." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí aṣọ ìbora, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìgbà yẹn ló tó sọ àṣírí rẹ̀. "Tí ọ̀gá mi àjèjì bá ti kọ ẹ̀yìn sí mi, fèrèsé apá òsì ni mo máa ń wò. Ògiri dúdú wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, bíi dígí ló ṣe máa ń ṣe. Gbogbo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ ni mo ń rí. Dúró síbi tí mo máa ń dúró sí, lẹ́yìn ẹni tó ń to ọ̀bẹ, wàá rí i."

Àjèjì náà dé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi. Ó ní iṣẹ́ ni wọ́n pe òun wá ṣe, wọn ò pe òun wá kọ́ni. Ó mú irinṣẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo rọra lọ dúró síbi tí bàbá mi júwe, mo gbójú sókè.

Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kun fèrèsé náà látòkè délẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọjá lára rẹ̀, ògiri ni mo kà á sí.

"Bàbá Elépo," mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún bàbá tó ti ń da epo sẹ́rọ látìgbà àwọn àjèjì, "ta ló kun fèrèsé yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni ì bá tún jẹ́? Òun-Nìkan mà ni. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi í jọ̀gá ló gbé àkàbà wá. Ó ní oòrùn ń pa òun lójú. Oòrùn wo, nígbà tí ògiri wà níwájú fèrèsé?"

Mo fi èékánná ha ọ̀dà náà. Kí n tó ha ibi tó gba ojú kan, àjèjì ti ń nu ọwọ́. Ìṣó ń já bọ́ sínú garawa, orí wà lára gbogbo wọn.

Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Irọ́ ni. Èmi ni mo ń ru igbá náà, èmi àti ọgbọ̀n èèyàn mìíràn.

Bàbá mi ti jókòó dè mí. "Ṣé o rí i?"

"Ẹ ti fi ọ̀dà kùn ún, Bàbá."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá ó rántí, mo rí i lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí.

"Ọmọ ẹlòmíì ni mo rò pé yóò dúró síbẹ̀," ó ní.