Ìyẹ́ Ọjọ́ Kẹta

"Bí mo bá tún gbọ́ kíkọ àkùkọ nínú ọgbà yìí, gbogbo yín lẹ máa kó jáde, àtadìyẹ àtèèyàn."

Onílé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún aránṣọ. Iṣẹ́ òru ni ọkùnrin náà ń ṣe, ojú ọ̀sán ló ń sùn, kò sì sí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pa àkùkọ àgbà, ṣùgbọ́n àgbébọ̀ kan ti ń sàba lórí ẹyin. Aránṣọ kò ní ibòmíì. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

Ìyá náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo. "Ìyàwó, na apá ọmọ adìyẹ. Bí ìyẹ́ kan bá gùn tí èkejì kúrú, abo ni. Bí gbogbo ẹ̀ bá dọ́gba, akọ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá jáde ni kó o wò ó o. Tó bá ti pẹ́, irọ́ ni wọ́n á máa pa fún ẹ."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, aṣọ oníbàárà ló kún orí ẹ̀rọ. Ó di ọjọ́ kẹta kí aránṣọ tó ráyè na apá wọn wò. Ó fi díẹ̀ tó pè ní abo sílẹ̀, ó kó ìyókù fúnni, ó ní, "Màmá, abo ni gbogbo èyí tó kù." Kò sọ ọjọ́ tó wò wọ́n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, ọ̀kan ga ju àwọn yòókù lọ, ogbe orí rẹ̀ pupa. Aránṣọ ní akọ ni. Láràárọ̀ ló ń dúró ti ilé adìyẹ, bí ìyá tó fẹ́ dí ọmọ lẹ́nu kó tó sunkún. Ìgbà tí ẹ̀rù pọ̀jù, ó gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí pé kó fi sebẹ̀. Ló bá rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ kejì, onídìrí yà síbi ẹ̀rọ aránṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi, àkùkọ wo lo fún mi? Ẹyin wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀."

Aránṣọ kò lè rẹ́rìn-ín. Bí èyí tó pè ní akọ bá jẹ́ abo, èwo wá ni akọ nínú àwọn tó pè ní abo? Ó fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sáré lọ sílé.

Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lábẹ́ fèrèsé onílé, adìyẹ kékeré tó fẹ́ràn jù wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fi ìka wá ọrùn rẹ̀.

"Ìyàwó, wá fọwọ́ kan eléyìí. Ìyẹ́ ọrùn ẹ̀ ti ń rí ṣóńṣó bíi ti akọ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ọjọ́ tí wọ́n jáde lo wò wọ́n?"

Aránṣọ na ọwọ́ láti gbé e kúrò. Adìyẹ náà na ọrùn lórí itan ìyá, ó sì bá aránṣọ dáhùn. Ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n ó kọ bí àkùkọ dópin.

Lókè orí wọn, fèrèsé ṣí.