Bí Wọ́n Ṣe Ń Di Okùn Ìwọ̀ Mú

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù kọkànlá, Bàbá Ọláwùmí kì í lè gbélé n'Ígàńdó mọ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí òkun ni wọ́n bí i sí, àsìkò yẹn sì ni kúta máa ń wá jẹun yí erékùṣù kékeré kan ká lójú agbami. Kúta kì í ṣe ẹja eré, eyín ẹ̀ ń bani lẹ́rù, agbára ẹ̀ sì ju ti eyín lọ. Ọláwùmí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ló máa ń mú lọ láti kékeré. Lọ́dún yìí, ó ní Fẹ́kọ́mi, àfẹ́sọ́nà ọmọ náà, lòun fẹ́ mú lọ. Inú Ọláwùmí dùn ṣìnkìn. Ó rò pé ọkàn bàbá òun ti rọ̀ nìyẹn.

Ọkàn wo ló rọ̀? Ọmọ Èkìtì ni Fẹ́kọ́mi, kíbọ́ọ̀dù ló ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baruwa, ibẹ̀ náà ló sì ti ń jẹun. Ohun tó ń bí bàbá nínú gan-an nìyẹn. Kéèyàn rán ọmọ ní yunifásítì, kó wá fà á lé ẹni tó ń fi ìka wá oúnjẹ lójú dùrù! Ó ti pinnu pé ìgbéyàwó náà ò ní wáyé, àmọ́ kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ, kí ọmọ náà má bàa kórìíra òun. Ọláwùmí nìkan ló ní láyé.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tí awakọ̀ kan ń wà fún wọn, bàbá fi ṣawá sẹ́nu ìwọ̀, ó jù ú sómi, ó gbé okùn ọ̀rá náà lé ọmọkùnrin yìí lọ́wọ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa dì í mú?"

"Dì í mú dáadáa ṣá. Má jẹ́ kó bọ́."

Fẹ́kọ́mi, tí kò tíì wọ omi tó kọjá orúnkún rí, bá wé okùn mọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó sọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ etí òkun ń mọ̀ kí wọ́n tó mọ ábídí. Ìkà èèyàn yìí yíjú sí erékùṣù, ó ń wo igi àgbọn.

"Ṣé ó dáa báyìí, sà?"

"Ó dáa. Mú un le sí i."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kúta náà fà á. Kí awakọ̀ tó yọ ọ̀bẹ gé okùn, ìka méjì ti bá ẹja lọ, ẹ̀kẹta ń fì lára awọ. Bàbá gbá Fẹ́kọ́mi mú kó má bàa ṣubú sómi.

"Ẹ ṣé, Dádì," ọmọ náà ń sọ nínú igbe. "Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ wà níbí."

"Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi," ni bàbá wí.

Dókítà ní ìka kẹta náà kò ṣeé gbà là. Nígbà tí Ọláwùmí ti ọ̀dọ̀ Fẹ́kọ́mi dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ń dúró dè é ní pálọ̀.

"Àwọn ará òkè yìí, wọn kì í gbọ́ràn," ó ní. "Mo sọ fún un títí."

"Ó ní ẹ ò sọ nǹkan kan." Ohùn Ọláwùmí kò ròkè rárá. "Ó ní ẹ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ ní kóun mú un le sí i. Ó ń yìn yín ni o, Dádì. Ó ń sọ bẹ́ ẹ ṣe fara balẹ̀ kọ́ òun."

Bàbá yíjú sí fèrèsé.

"Mi ò ju ọmọ ọdún méje lọ tí mo wé okùn mọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Ẹ gbá mi létí, mo tọ̀ sára. Ẹ wá gbé mi mọ́ra, ẹ bú sẹ́kún."

Ó kọjá síbi agbọ̀n ìwọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú okùn jáde. Ó wé e mọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó mú un le títí ẹran ibẹ̀ fi dúdú. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀, ó fi orí okùn tó kù lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ fà á, Dádì."