Rìmóòtù Ọwọ́ Bàbá

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù," ni Ọ̀mọ̀wé wí.

Bàbá na rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn sì lọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù náà nínú ilé yẹn. Bí Bàbá bá sùn pàápàá, abẹ́ apá rẹ̀ ló ń wà.

Ọ̀mọ̀wé dúró níwájú àwọn òbí rẹ̀ bí ẹni tó wà ní kóòtù. Wọn ò tíì fi í joyè ọ̀mọ̀wé o, àwọn ará ilé ló ń fi orúkọ yẹn bá a ṣàwàdà. Ọ̀la ni àwọn olùdánwò yóò da ìbéèrè bò ó lórí ìwádìí tó ṣe nípa agbára àti bí àwọn onímọ̀ àṣà ṣe ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá fìdí rẹmi, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ di àtúnṣe nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kọ́kọ́ fi àwọn òbí rẹ̀ dánra wò.

"Àwọn onímọ̀ àkọ́kọ́ sọ pé òkè ni agbára ti ń wá," ló bẹ̀rẹ̀. "Àwọn kan tún ní ẹni tí wọ́n ń darí náà máa ń fọwọ́ sí i. Àwọn tó dé kẹ́yìn ní agbára kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dì mú, àárín àwa èèyàn ló wà."

"Irọ́!" Bàbá ju rìmóòtù sókè, ó hán an. "Èyí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo dì í mú ni?"

Ọ̀mọ̀wé ń ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò. Bí ìbéèrè Bàbá bá lè dá a dúró báyìí, kí ló fẹ́ sọ lọ́la?

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó gba rìmóòtù, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Òfìfo ni.

"Bátìrì rẹ̀ ti wà nínú aago ilé ìdáná tipẹ́," ló wí. "Bí bàbá yín bá ti tẹ̀ ẹ́, èmi náà á fi fóònù mi darí tẹlifíṣọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí."

Wọ́n ń retí kí Bàbá bínú, àfi bó ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀? Ọjọ́ tó o yọ ọ́ ni mo ti ṣí i wò. Bó o ṣe máa ń sáré wá fóònù yẹn kiri ni mò ń wò, ó dùn mọ́ mi ju bọ́ọ̀lù lọ!"

Ẹ̀rín pa Ọ̀mọ̀wé débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìwé rẹ̀ fọ́n káàkiri. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì fúyẹ́.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣó o ti rí èsì ẹ báyìí?"

"Mo ti rí i, Màmá. Bàbá, ẹ yá mi ní rìmóòtù yìí di ọ̀la, kí n fi han àwọn olùdánwò."

"Kí èmi wá máa di kí ni mú?"

Ìyá fi fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ di èyí mú, olówó orí mi. Èmi ni màá máa sọ ibi tí ẹ máa tẹ̀."

Ọ̀mọ̀wé ṣa àwọn ìwé rẹ̀ jọ, ó kó wọn sínú báàgì, ó sì gbé rìmóòtù tí kò ní bátìrì náà lé wọn lórí.