Ilẹ̀kùn Méjì ní Òkè-Ìsun

Mo wà ní Òkè-Ìsun, ìlú inú géèmù tí èmi àti Múyìíwá àbúrò mi jọ máa ń gbá nígbà tó ṣì wà láyé. Oòrùn dúró sójú kan lókè, kò sún. Ìwé àwòrán ìlú náà wà lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Kò sẹ́ni tó dè ọ́ mọ́lẹ̀. Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o lọ."

Mo lọ. Mo gun òkè, mo lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò, mo wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Lẹ́bàá kànga, obìnrin kan tó ń fa omi kí mi.

"Àlejò, ẹ kú ìrìn. Omi adágún fẹ́ ya bo ìlú wa. Ṣé ẹ máa gbà wá?"

Mo ní màá gbà wọ́n. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa á san án fún yín." Mo lọ, mo padà, mo ní mi ò ní gbà wọ́n. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa á san án fún yín." Mo gba ìkòkò rẹ̀, mo là á mọ́lẹ̀. Àwọn àpáàdì ní kò dun àwọn. Obìnrin náà tún dúpẹ́.

Mo sá wọ ilé tó sún mọ́ mi jù kí n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Pálọ̀ wa ní Ìkirè ni mo bá níbẹ̀. Múyìíwá jókòó sórí àga nínú aṣọ funfun tí a fi sin ín, ó ń bó ẹ̀pà.

"Àǹtí mi, ẹ jókòó. Ẹ ti rìn jù."

"Gbogbo ibi ni mo dé," mo ní. "Kò sóhun tí mo ṣe tó yí nǹkan kan padà."

"Èyí máa yí i padà."

Ògiri fà sẹ́yìn, ilẹ̀kùn méjì yọ lára rẹ̀. Múyìíwá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń júwe ọ̀nà ilé epo fún awakọ̀. Bí mo bá ṣí ti ọ̀tún, omi á gba inú igbó lọ, ìlú á yè. Bí mo bá ṣí ti òsì, òun á bá mi lọ sílé, ṣùgbọ́n omi á gba àárín ìlú. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ṣí, mi ò sì ní lè padà wá tún un yàn.

Mo rántí Màámi, tí wọ́n ṣì máa ń fi orúkọ Múyìíwá pè mí lọ́dún mẹ́jọ lẹ́yìn tó kú. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ará ìlú yìí kì í ṣèèyàn. Mo fọ́ ìkòkò ọ̀kan nínú wọn, ó dúpẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn òsì. Ó gbóná bí iwájú orí ẹni tí ibà ń ṣe.

Obìnrin ìdí kànga pariwo láti ìta. Kò pè mí ní àlejò mọ́.

"Fadérera! Ọmọ mi ń sùn nínú ilé. Jẹ́ kí n lọ gbé e ná!"

Mo wo Múyìíwá. "Èwo ni kí n ṣí?"

"Bí mo bá sọ fún yín, èmi ni mo ṣí i nìyẹn." Ó ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ, kò jẹ ẹyọ kan.

Mo ṣí ti ọ̀tún. Omi rọ́ gììrì wọ inú igbó. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bo Múyìíwá láti ẹsẹ̀. Nígbà tó dé àyà rẹ̀, mo ń fi èékánná họ símẹ́ǹtì náà, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún Màámi pé ẹ rí mi." Ògiri dé ẹnu rẹ̀.

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n fi ọwọ́ kan di ara ògiri mú.

"Fadérera, ta lò ń bẹ̀?"