Kámẹ́rà Tí Kì Í Jẹ Fíìmù

Kì í ṣe pé Bọ́lárìnwá kórìíra kámẹ́rà tuntun. Ohun tó kórìíra ni kí ẹlòmíràn máa ya Màmá Ẹkúndayọ̀ ní fọ́tò lójú ayé òun. Láti ìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò sí Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ló ti ń bá Julianah, ọmọ màmá náà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, lọ sílé màmá ní Iléṣà ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀. Fọ́tò tó yà ló kún ara ògiri ilé wọn, àlejò tó bá sì rí wọn níbẹ̀ kì í pẹ́ di oníbàárà rẹ̀.

Lọ́dún 1999 tí màmá pé ọgọ́rin ọdún, Elisha, àbúrò Julianah, ti London dé pẹ̀lú kámẹ́rà pẹlẹbẹ kan tó rà ní ẹ̀dínwó. Kì í jẹ fíìmù. Bí èèyàn bá ti yà á tán, yóò rí àwòrán lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá wù ú, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, yóò sì pa á rẹ́.

Julianah ní, "Bọ́lárìnwá, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Wá bá wa wò ó, kí o sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí. Bó bá dára, òun la ó máa lò nínú ilé."

Ẹ ò rí nǹkan. Wọ́n ní kí ológbò wá dájọ́ ẹja.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí náà, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n gbé àga màmá sí iwájú ilé. Màmá wọ àrán, ó fi iyùn sọ́rùn. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni mo fẹ́ jókòó. Fọ́tò yìí lẹ ó lẹ̀ mọ́ ara ulé lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ jẹ́ kó dáa." Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun ṣe àmín.

Àwọn ọmọ àti ìyàwó wọn dúró yí i ká, Elisha sì yà wọ́n. Fọ́tò náà dára. Ó dára débi pé inú Bọ́lárìnwá bàjẹ́. Ó wá rọra tẹ̀ sí etí Phebe, àbígbẹ̀yìn màmá: "Àǹtí Phebe, ṣé bí gèlè yín ṣe rí nínú dígí nílé náà nìyẹn?"

Phebe ní kí wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n tún un yà. Bọ́lárìnwá sún mọ́ Barnabas, àkọ́bí: "Ẹ̀gbọ́n, ikùn yín ló kọ́kọ́ dé inú fọ́tò." Barnabas náà ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ìyàwó Barnabas ní òun dijú, èyí tí Bọ́lárìnwá kò tilẹ̀ dá sí. Bó bá ṣe fíìmù ni, ta ni yóò rí ara rẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Bó bá sì dé, bó ṣe rí la ó ṣe gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fi ojú èèyàn han èèyàn lójú ẹsẹ̀, ìjà ló gbé wọlé. Wọ́n ń yà, wọ́n ń pa rẹ́, oòrùn ń mú màmá lórí àga. Nígbà tó yá, kámẹ́rà náà dún pí, ó kú. Bátìrì ti tán, kò sì sí fọ́tò kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Bọ́lárìnwá wúkọ́. "Ẹ rí i, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, kò sì jẹ fíìmù. Ṣùgbọ́n bátìrì tó ń jẹ, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ìyàn mú. Ẹ jẹ́ kí àgbà ṣe é." Ó gbé kámẹ́rà ńlá tirẹ̀ bọ́ síwájú, ó yà á, ó tún yà á, inú rẹ̀ ń dùn.

Màmá na ọwọ́. "Jẹ́ n wò ó."

"Màmá, tèmi kì í ṣe é wò báyìí. Ó di ìgbà tí mo bá fọ̀ ọ́ ní Òṣogbo."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ó wọlé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà. Ó yí i. Ó yí fẹ́rẹ́, kò sí ohun tó dì í mú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé lánàá lòun yọ fíìmù ìgbéyàwó kan jáde, tí òun kò sì fi òmíràn sí i. Ó tú àpò rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Àwọn tó ń ta fíìmù kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó lè dákẹ́. Ó lè dé Òṣogbo kó ní ìmọ́lẹ̀ ló ba fíìmù jẹ́. Ṣùgbọ́n ó wo màmá, ó rí òógùn tó ń ṣàn gba abẹ́ iyùn, ojú sì tì í gidigidi. Ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Màmá ní, "Etí àwọn ọmọ mi tí o ń sọ̀rọ̀ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, o rò pé mi ò rí ọ ni? Dìde. Wọ́n ń ta bátìrì ní ìta níbẹ̀ yẹn, irú èyí tí rédíò ń jẹ."

Bọ́lárìnwá fúnra rẹ̀ ló sáré lọ rà á, òun náà ló fi í sínú kámẹ́rà kékeré náà. Elisha bi í pé kí ló wá rí sí i.

"Ó dára," ó ní, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀. "Òun àti rédíò ń jẹ oúnjẹ kan náà, ebi ò lè pa á ní Iléṣà. Ibi tó kù sí ni pé ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ó yà á, ẹ̀ẹ̀kan péré. Phebe ti na ọwọ́, Barnabas náà ti ń bọ̀. Màmá yára ju gbogbo wọn lọ. Ó gba kámẹ́rà náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tì í sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé e.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ó rí i lọ́jọ́ ìsìnkú mi."