Àgbàdo Lọ́wọ́ Ọmọbìnrin Orí Pátákó

4.

…ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo mọ́tò tó ń kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó di ọṣẹ mú. Àwọn ọlọ́ṣẹ ló ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n gbé e sórí pátákó ìpolówó gàgàrà létí títì, nínú oko ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó lọ sí ìlú ńlá. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó rí i.

Pátákó nìkan ló kù.


5. ÌKÉDE

LÁTI Ọ́FÍÌSÌ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀

Pátákó ìpolówó kankan kò gbọdọ̀ sí lórí ilẹ̀ oko mọ́,
ÀFI èyí tó bá ń polówó ohun tí wọ́n ń tà lórí ilẹ̀ náà gan-an.
Pátákó tuntun gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí wọ́n tó gbé e sókè.
A ó gé ìyókù lulẹ̀.


6.

Ọkùnrin kan ló lẹ ìkéde yìí mọ́ ẹsẹ̀ pátákó náà. Elétéèpù ni wọ́n ń pè é, nítorí téèpù tó fi ń wọn ilẹ̀ kì í kúrò lápò rẹ̀.

Èmi ni ọkùnrin náà. Nígbà mìíràn ó máa ń rọ̀ mí lọ́rùn láti pè é ní ẹlòmíì.


7. (Lábẹ́ pátákó)

Ẹ̀GBỌ́N MI: Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́?
ÈMI: Iṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi.
Ẹ̀GBỌ́N MI: Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Èmi náà ni mo pọ̀n ọ́ kí ìyá wa lè ráyè ṣiṣẹ́. Ka ti àárín yẹn fún mi.
ÈMI: "Àfi èyí tó bá ń polówó ohun tí wọ́n ń tà…"
Ẹ̀GBỌ́N MI: Tún un kà.

(Mo tún un kà.)

Ẹ̀GBỌ́N MI: Kí ni mò ń tà?
ÈMI: Àgbàdo.
Ẹ̀GBỌ́N MI: Kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ mi?
ÈMI: Ọṣẹ… Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín lọ́fíìsì.
Ẹ̀GBỌ́N MI: Ọ̀nà kan ò wọjà, Elétéèpù.


8.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ sunkún. Ó kàn ń ríran ni.


9. (Àtẹ̀jíṣẹ́, láti ọ̀dọ̀ mi)

Ẹ̀gbọ́n mi, òní ni wọ́n ń bọ̀.

Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìgérin sínú ọkọ̀. Èmi náà wà nínú ọkọ̀.

Ẹ má ṣe nǹkan kan o.

Ẹ ṣe é kíá.


10. (Èsì rẹ̀)

Mo wà lórí àkàbà. Má dà mí láàmú.


11. (Ọlọ́dà, tó máa ń kun iwájú ṣọ́ọ̀bù, ló ń sọ èyí)

Àgbàdo ò nira yà. Ìka ló nira. Ọmọ yẹn di ọṣẹ mú bí ẹni di ẹyin mú. Àgbàdo, gbígbá là ń gbá a mú. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n tún ìka rẹ̀ yà." Wọ́n ní bí mo bá fọwọ́ kan ìka ọmọ àwọn, àwọn á tì mí látòkè. Mo fi ìka sílẹ̀. Àgbàdo náà wá dà bíi pé ó fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.


12. (Ọkọ̀ dé. Wẹ́dà tan iná ìgérin.)

WẸ́DÀ: Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mi ò bá yín jà.
Ẹ̀GBỌ́N MI: O ṣeun. Ṣé àgbàdo lo fẹ́ rà? Àbí o kàn wá yáná?


13. (Fóònù)

Ọ̀GÁ MI: Wọ́n ní àgbàdo ló wà lórí pátákó.
ÈMI: Àgbàdo ni, sà.
Ọ̀GÁ MI: Àgbàdo ìgbà wo? Bó bá ti wà níbẹ̀ kí òfin tó jáde, ẹ máa bọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á ni, pátákó tuntun tí ò gbàṣẹ ni. Ẹ gé e.
(Mo wo àkàbà.)
Ọ̀GÁ MI: Gun òkè. Fọwọ́ kàn án, kí o sọ fún mi bóyá ó gbẹ.


14.

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.


15.

Elétéèpù gun àkàbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún fún un lórí pákó tí Ọlọ́dà so síbẹ̀.

Ojú ọmọ náà tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Téèyàn bá sún mọ́ ọn tán, kì í ṣe ojú mọ́. Àmì tóótòòtó tí wọ́n fi tẹ fọ́tò ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀ mí. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, ì bá rọrùn.

Mo fọwọ́ kan àgbàdo.

Ọ̀GÁ MI: Ó gbẹ àbí kò gbẹ?


16.

Mo pa ọwọ́ mi dé. Ọ̀dà ń yọ láàárín ìka.


17.

"Sà, ó gbẹ…"